Bí a ṣe lè dá ètò adájọ́ olùyọ̀ǹda ara-ẹni sílẹ̀ fún ìdíje káàdì: ẹ wá bá wa dá sí i

Alákóso_Ìdíje:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. A máa ń ṣe ìdíje káàdì déédéé, Magic ló pọ̀ jù níbẹ̀, Pokémon tẹ̀lé e, àwọn ọmọ Yu-Gi-Oh! náà sì ti ń pọ̀ sí i báyìí. Èèyàn méjì péré ló ń ṣe adájọ́ fún gbogbo wa, àwọn méjèèjì ò sì rí géèmù gbá mọ́ torí wọn ò tíì jókòó tán táwọn kan á ti tún nawọ́ pè wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ti sọ ọ́ sójú mi pé ó ti sú òun. Mo wá fẹ́ ká ní ètò gidi, káwọn èèyàn máa yọ̀ǹda ara wọn, ká kọ́ wọn níṣẹ́, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá ṣáà ti mọ òfin díẹ̀ la ó máa tì síwájú. Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Ta ni ká mú? Kí la máa fún wọn? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá kàn fẹ́ jà kó lọ jà níbòmíì.

BàbáDẹ́ẹ̀kì:
Ọ̀gá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbé e wá. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ má torí pé ẹnì kan ń borí nígbà gbogbo kẹ́ ẹ sọ ọ́ di adájọ́. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ géèmù gbá, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ẹjọ́ dá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń fẹ́ sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbá a, ìyẹn sì ni ohun tí adájọ́ ò gbọ́dọ̀ dá sí rárá. Ẹni témi máa ń wá ni ẹni tó jẹ́ pé tí ariwo bá bẹ́ lórí tábìlì, òun ló máa rọra sọ pé "ẹ ní sùúrù ná, ẹ jẹ́ ká ka káàdì yẹn", tó sì máa kà á lóòótọ́. Kódà kí wọ́n máa nà án ní gbogbo ráúǹdì, ẹ mú un.

Nípa òfin, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà wọ́n. Ìwé òfin ńlá ti Magic, ìyẹn Comprehensive Rules, ju ojú ìwé 200 lọ, kò sẹ́ni tó há a sórí, wọ́n sì máa ń tún un ṣe tí káàdì tuntun bá jáde. Kí adájọ́ ṣáà mọ ibi tó ti máa wá nǹkan. Ìwé míì tún wà: Magic Tournament Rules ló ń sọ bí ìdíje ṣe gbọ́dọ̀ lọ, Infraction Procedure Guide ló ń sọ ìjìyà tó tọ́ sí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan níbi ìdíje tó le, tó bá wá jẹ́ ìdíje kékeré, ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Judging at Regular REL (Regular REL ni wọ́n ń pe irú ìdíje kékeré bẹ́ẹ̀), ojú ìwé ẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò bá lè ka ìyẹn tán, ẹ má wulẹ̀ fi ìwé ńlá hàn án.

Àǹtí_Ráúǹdì:
Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí wọ́n á ṣe ṣe lórí tábìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn, òfin á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan kẹ́ ẹ rí ohun tí mò ń sọ.

Olùdíje kan nawọ́ sókè, ó ní ẹni táwọn jọ ń gbá a fa káàdì méjì dípò ọ̀kan. Adájọ́ tí mo bá kọ́ máa kọ́kọ́ wo aago, kó mọ ìgbà tóun dé ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ló máa dúró sí, níbi táwọn méjèèjì ti lè rójú ẹ̀, kò ní lọ dúró sẹ́yìn ẹnì kan bí ẹni pé ó ti gbè é. Kò ní fọwọ́ kan káàdì kankan, ó máa ní kí wọ́n má ṣí nǹkan kan nípò. Ó máa bi ẹni tó pè é pé kí ló ṣẹlẹ̀, á jẹ́ kó sọ tán, á bi ẹnì kejì náà, á jẹ́ kóun náà sọ tán, tẹ́nì kan bá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì á ní "ó máa kàn ẹ́, dákẹ́ ná". Lẹ́yìn náà á tún un sọ fún wọn bóun ṣe gbọ́ ọ, á wá béèrè ìbéèrè kan tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹjọ́ náà: káàdì kejì yẹn, ṣé ó ti pò mọ́ àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àbí ó ṣì wà lọ́tọ̀?

Tó bá ṣì wà lọ́tọ̀ tí gbogbo èèyàn sì mọ èyí tó jẹ́, kò sí wàhálà, wọ́n á dá a padà sórí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àkójọ káàdì tó ń fà. Tó bá ti pò mọ́ tọwọ́, ní ìdíje kékeré, wọ́n á mú ọ̀kan láìwojú nínú káàdì ọwọ́ ẹ̀ padà sórí dẹ́ẹ̀kì, eré ń lọ. Ní ìdíje tó le, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹnì kejì ló máa wo ọwọ́ yẹn, òun ló máa yan èyí tí wọ́n á pò padà sínú dẹ́ẹ̀kì, ẹni tó ṣàṣìṣe á sì gba ìkìlọ̀. Àṣìṣe kan náà nìyẹn, ìdáhùn méjì, torí irú ìdíje tó jẹ́. Adájọ́ tuntun tó bá lọ ka ti ìdíje ńlá, tó wá gbé e wá síbi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àwọn èèyàn á sá ni.

Tí gbogbo ẹ̀ bá wá gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó gbọ́dọ̀ fi àkókò kún tiwọn. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ nìyí, ìdí tí mo fi ní kó kọ́kọ́ wo aago sì nìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀yìn_Tábìlì:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi fẹ́ ṣe é o, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò sì mọ ìdáhùn ńkọ́? Àwọn tó ti ń gbá géèmù yìí tipẹ́tipẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn bí ẹni pé ọmọ òde ni.

BàbáDẹ́ẹ̀kì:
Sọ fún wọn pé "ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n wò ó", kó o lọ wò ó. Ìyẹn ò lábùkù. Èyí tó lábùkù ni kó o méfò, kó o wá fi ohùn líle gbè é lẹ́sẹ̀. Tí ìdáhùn ẹ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ bá olórí adájọ́, ìwọ gan-an ni kó o sọ fún wọn pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dùn ẹ́ tí wọ́n bá ṣe é. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdájọ́ tìẹ tán ná o, ẹni tó bá ń fo adájọ́ kékeré láti lọ bá ọ̀gá tààrà, ẹ dá a padà.

káàdì_kìíparọ́:
Ẹ máa wò ó o, èmi ò gbà pẹ̀lú gbogbo ìrọ̀rùn tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí. Níbi tí mo ti ń gbá a, ẹ̀rín lásán làwọn kan ń fi ìkìlọ̀ rín. Wọ́n á fa káàdì lé, wọ́n á ní àwọn gbàgbé, wọ́n á pò káàdì lọ́nà tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n fẹ́ máa wà lókè, tẹ́ ẹ bá pe adájọ́ á ní "ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́". Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàdánù géèmù, ojú wọn á là. Ètò adájọ́ tí ò lè fìyà jẹ èèyàn, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ó dùn yín, ó sì tọ́ kó dùn yín. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì lẹ pò pọ̀ yẹn. Ẹni tó ṣàṣìṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń rẹ́ni jẹ. Nínú òfin Magic, kí wọ́n tó pe nǹkan ní ìrẹ́jẹ, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe ò bófin mu, kó sì jẹ́ pé torí àǹfààní ló ṣe ṣe é. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ pípàdánù géèmù kan mọ́, wọ́n á lé e kúrò nínú ìdíje pátápátá, kì báà jẹ́ ìdíje kékeré. Ìyà wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Mímọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe àti èyí tó jẹ́ ìwà ọ̀dàlẹ̀ ló ṣòro, ìyẹn la sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ adájọ́.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ wọn: ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ fura sí kúrò nídìí tábìlì, ẹ má bi í ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè parí. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?" Ta ló máa ní òun mọ̀ọ́mọ̀? Ẹ ní "sọ bí ráúǹdì yìí ṣe lọ fún mi látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀", kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ẹ lọ bi ẹnì kejì, ẹ lọ bi ẹni tó jókòó sí tábìlì tó tẹ̀lé e. Ẹ wò ó bóyá àṣìṣe yẹn ṣe é láǹfààní, torí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló ń ṣàkóbá fún ẹni tó ṣe é gan-an. Tó bá jẹ́ adájọ́ tuntun ló rí i, kò gbọ́dọ̀ dá a dá o, kó pe olórí adájọ́, òun nìkan ló láṣẹ láti lé èèyàn.

Ohun tó sì máa ń dín ìkìlọ̀ àsọtúnsọ kù ni kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti gba ìkìlọ̀ lórí ohun kan náà lóṣù tó kọjá, tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́, ẹni mímọ́ ló tún máa jẹ́ lóṣù yìí. Ìwé lẹ nílò níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ìyà gan-an kọ́.

káàdì_kìíparọ́:
Ti ìwé yẹn wọlé sí mi lára. Mo gbà. Ti pípò káàdì ńkọ́ o?

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀:
Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe adájọ́. Lẹ́yìn tó bá pò ó tán, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ tún un pò. Ní ìdíje tó le, dandan ni kẹ́ ẹ pò dẹ́ẹ̀kì ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá a kó tó bẹ̀rẹ̀, ní ìdíje kékeré náà ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kàn ń ṣe é torí ojú ń tì wọ́n.

Akọ̀wé_Èsì:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà sọ tèmi. Gbogbo yín ń sọ òfin, kò sẹ́ni tó ń sọ ẹsẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní olùdíje 32, ráúǹdì 5 ni Swiss (ètò tí wọ́n ti ń mú àwọn tí èsì wọn sún mọ́ra bá ara wọn gbá, láìlé ẹnikẹ́ni jáde) máa ń jẹ́, tí wọ́n bá pé 33 sí 64, ó di 6. Ìṣẹ́jú 50 ni ráúǹdì Magic kan, tí aago bá lù wọ́n á tún gbá tọ́ọ̀nù 5 (tọ́ọ̀nù ni ìgbà tó bá kan ẹnì kan láti gbá) lé e, ẹ sì mọ̀ pé tọ́ọ̀nù 5 yẹn lè pẹ́ ju ohun tójú ń rí lọ. Ráúǹdì 6 lásán ti jẹ́ wákàtí 5, ẹ ò tíì ka àkókò tá a fi ń wá ẹni tí ò tíì dá èsì padà, tá a fi ń gbé orúkọ àwọn tó máa bá ara wọn gbá jáde, ẹ ò tíì dé ibi tí àwọn 8 tó kù á ti máa gbá a láàárín ara wọn. Orí ìdúró ni adájọ́ wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ wá ní ó ti sú u? Kí ló ṣe tí kò ní sú u!

Torí náà, àwọn ìlànà tí mo máa fi síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ òfin kankan: bó ti wù kó rí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ráúǹdì láìjókòó, ẹ máa pín in, kẹ́ni tó ti ṣe méjì lọ sinmi kó jẹun. Ẹ jẹ́ kí bàtà tó rọrùn wà lára ohun tẹ́ ẹ máa ń rán wọn létí. Ẹ fi ọ̀kan nínú wọn sí ọ̀dọ̀ mi, torí adájọ́ tó bá mọ bí èsì ṣe ń wọlé ló máa mọ ìdí tí a fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ tètè mú un wá. Pàtàkì jù, ìdíje tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan ò ní ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn máa wá gbá géèmù tiẹ̀. Torí ó fẹ́ràn géèmù yìí ló ṣe wá, ẹ má fi iṣẹ́ gba géèmù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Alákóso_Ìdíje:
Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó ń ta mí. Mélòó ni ká wá ní nígbà náà?

Akọ̀wé_Èsì:
Ọgbọ́n orí tèmi ni o, kì í ṣe òfin: adájọ́ kan sí nǹkan bí olùdíje 30 nígbàkigbà tí eré bá ń lọ, ẹ wá fi bí ìdajì iye yẹn lé e torí àwọn tó máa lọ sinmi. Tó bá jẹ́ ìdíje tí wọ́n ti ń yẹ dẹ́ẹ̀kì wò, ẹ máa nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ méjì lọ́tọ̀ ló ń ka dẹ́ẹ̀kì, ẹ ò sì lè fi gbogbo ilẹ̀ sílẹ̀ torí ẹ̀. Ẹ máa wá olùyọ̀ǹda tó pọ̀ ju iye tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Àwọn kan á ṣe lẹ́ẹ̀kan wọn ò ní padà wá mọ́, kò ní torí pé ẹ ṣẹ̀ wọ́n.

Àǹtí_Ráúǹdì:
Lórí kíkọ́ wọn, ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún wa nìyí. A ní gúrúùpù Wásáàpù kan fún àwọn adájọ́ nìkan, ẹnì kan á gbé ìbéèrè síbẹ̀, gbogbo èèyàn á dáhùn, wọ́n á sì sọ ibi tí wọ́n ti rí i nínú ìwé. "Mo rò pé" ò wọlé níbẹ̀. Torí pé géèmù tiyín ju ẹyọ kan lọ, ẹ máa gbé irú èyí fún wọn: olùdíje kan kó dẹ́ẹ̀kì wá, káàdì inú ẹ̀ jẹ́ 61, ṣé ó dáa? Ní Magic ó dáa, torí 60 ni ó kéré tán, kò sẹ́ni tó ní kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Pokémon kò dáa, 60 gééré ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní Yu-Gi-Oh!, 40 sí 60 ni, 61 ti kọjá. Ẹ tún bi wọ́n pé ẹ̀dà mélòó ni káàdì kan lè jẹ́: 4 ní Magic àti Pokémon tẹ́ ẹ bá yọ ilẹ̀ ìpìlẹ̀ (basic land ti Magic) àti agbára ìpìlẹ̀ (basic energy ti Pokémon) kúrò, 3 ní Yu-Gi-Oh!. Ẹ máa rí i pé ẹni tó gbọ́n jù nínú géèmù kan máa ń fi ìdánilójú ẹ̀ lọ ṣìnà nínú èkejì.

Ìbéèrè míì tó máa ń dá ìjà sílẹ̀: káàdì olùdíje kan ní kó gba ẹ̀mí kan tó bá gbógun, ó gbógun, ó gbàgbé, ẹnì kejì rí i ó dákẹ́. Ṣé ẹnì kejì ṣẹ̀? Ní Magic, kò ṣẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ láti rán an létí. Ṣùgbọ́n tí káàdì ẹni tó dákẹ́ yẹn gan-an bá ní nǹkan tó máa pa á lára, tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kó lè kọjá, ọ̀rọ̀ ti dé ibòmíì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa nínú gúrúùpù, ó sàn ju kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jà á lórí tábìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí adájọ́ tuntun máa tẹ̀ lé èyí tó ti pẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, á kàn dúró á máa wò. Tó bá yá, òun á máa dáhùn, ẹni tó pẹ́ á wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún máa fi eré kọ́ wọn, kí ẹnì kan ṣe bí olùdíje tí inú ń bí, kó máa pariwo, kó máa ní "ẹ ò mọ nǹkan kan". Ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀ máa ń dà, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ara wọn ò ní gbọ̀n.

Ọmọ_Ẹ̀yìn_Tábìlì, àbúrò mi, eré yẹn ló máa wo ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ sàn o.

BàbáDẹ́ẹ̀kì:
Mo tún fẹ́ sọ ti ìpele. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fẹ́ mọ̀ pé òun ń gòkè, ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ní Magic tẹ́lẹ̀, ìpele adájọ́ dé 5, ní 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di 3. Tiyín ò ní kó dé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó lè dá ẹjọ́ dá, ẹni tó lè ṣe olórí: ó tó. Kí ìdánwò wà láàárín wọn, kí ìwé òfin sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nígbà ìdánwò náà, torí bó ṣe máa rí lọ́jọ́ iṣẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má so gbogbo ètò yín mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì. Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Magic, ló ní ètò adájọ́ Magic fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2019 ó bọ́ sọ́wọ́ Judge Academy tí àwọn adájọ́ ń sanwó ọdọọdún fún, Judge Academy náà kógbá sílé, àwọn ẹgbẹ́ agbègbè ló kù tí wọ́n tún ń gbé e, irú bíi Judge Foundry ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọ̀pọ̀ adájọ́ tó ti ṣiṣẹ́ tipẹ́ ló ní láti tún orúkọ wọn tò láàárín gbogbo ìyẹn. Tí ìwé-ẹ̀rí ilé iṣẹ́ bá wà, kí àwọn èèyàn yín lọ gbà á, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ìwé tiyín náà wà lọ́wọ́ yín: ta ló ṣiṣẹ́ níbo, ta ló kọ́ ta, ta ló yege kí ni.

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀:
Fún àwọn tó ń ṣe ti Pokémon, ètò tí wọ́n ń pè ní Professor ló wà níbẹ̀, ìdánwò wà nínú ẹ̀, wọ́n sì máa ń yẹ ìwà ẹni tó fẹ́ wọlé wò torí àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ orí pín àwọn olùdíje sí Junior, Senior àti Masters. Kódà tí géèmù tiyín ò bá sọ yíyẹ ìwà wò di dandan, ẹ ṣe é. Adájọ́ ò gbọ́dọ̀ mú ọmọdé lọ sí kọ̀rọ̀ láti bi í léèrè ọ̀rọ̀, gbangba ni kó ti ṣe é, kí àgbàlagbà kejì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì pe òbí ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá le. Mi ò rò pé ó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí ìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀yìn_Tábìlì:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí wọ́n á fún wa o 😄

Akọ̀wé_Èsì:
Haha, ọmọ yìí. Ó sọ òótọ́ ṣá.

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, Alákóso. "Fọlọntíà" lẹ máa pè é, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń pàṣẹ ìgbà tó máa dé àti ìgbà tó máa lọ, tẹ́ ẹ sì ń rówó lórí ìdíje náà, ó lè di òṣìṣẹ́ lójú òfin láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ kan gbé Wizards lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé òṣìṣẹ́ làwọn, àwọn kì í ṣe olùyọ̀ǹda. Ẹ lọ mọ ohun tí òfin iṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà sọ. Èrò tèmi ni pé tí ìdíje bá ń pawó wọlé, kẹ́ ẹ sanwó fún adájọ́ bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ fi ti olùyọ̀ǹda mọ sí èyí tí gbogbo wa kàn ń ṣe torí ìfẹ́. Níbi ti ìfẹ́ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó ná owó àpò ẹ̀: oúnjẹ, omi, owó ọkọ̀, kó má sanwó ìwọlé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbá géèmù. Tẹ́ ẹ bá rí káàdì àrà ọ̀tọ̀ fún wọn, ẹ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni Wizards náà ṣe ń fún àwọn adájọ́ ní káàdì dídán nígbà kan, ìyẹn sì dùn mọ́ wọn gan-an. Àmọ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìlérí ẹnu ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

káàdì_kìíparọ́:
Mo ní ìbéèrè kan. Tí adájọ́ bá dájọ́ tí kò dáa, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé kò dáa ńkọ́? Níbi témi wà, ńṣe ni wọ́n máa ń gbè é.

Àǹtí_Ráúǹdì:
Tí eré bá ṣì ń lọ, tó ṣeé tún ṣe, olórí adájọ́ á tún un ṣe, adájọ́ yẹn á bẹ àwọn méjèèjì, ó tán. Tó bá ti kọjá títún ṣe, wọ́n á jẹ́wọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọn ò ní ní "ìdájọ́ ti wáyé". Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ bá adájọ́ wí níwájú olùdíje o! Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ráúǹdì, ẹ bi í pé "báwo lo ṣe rí i?", ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ rí ibi tó ti ṣìnà. Ẹ wá ọ̀nà táwọn olùdíje lè gbà fi ẹ̀sùn sùn láìjẹ́ pé adájọ́ náà ló máa kà á. Tí orúkọ kan bá ń jáde lemọ́lemọ́, pé ó ń fi ojú rere hàn sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tàbí pé ó ń bú èèyàn, ẹ ní kó sinmi ná. Ẹni tí ò mọ òfin la lè kọ́, ẹni tó ń fi ipò yẹn jọba, mi ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Ohun míì tó máa ń gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́ ni kí ẹ sọ̀rọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju dáìsì láti mọ ẹni tó borí, wọn ò gbọ́dọ̀ fi owó tàbí ẹ̀bùn bẹ ara wọn kí ẹnì kan lè juwọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń jìn sí kòtò yẹn kì í ṣe ọ̀dàràn, ọmọ tuntun tó rò pé inú rere lòun ń ṣe ni, ìjìyà ẹ̀ sì le gan-an. Ìṣẹ́jú kan lẹ máa fi sọ ọ́.

Alákóso_Ìdíje:
Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo máa bi àwọn mẹ́rin kan léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kọ́ṣẹ́, kò sí ẹni tó ń gbégbá orókè nínú wọn, Bàbá 😄 Ìbéèrè tó kù fún mi nìyí: níbi ìdíje kékeré tiwa, àwọn adájọ́ náà máa ń gbá géèmù. Tí olórí adájọ́ fúnra ẹ̀ bá ń gbá a lọ́wọ́, tí ẹjọ́ sì ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì tiẹ̀ ńkọ́?

BàbáDẹ́ẹ̀kì:
Kò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ ara ẹ̀, kódà kó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ òfin yẹn nínú gbogbo ilé. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ẹnì kan tó máa dúró fún un, ẹ dárúkọ ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ẹ sì rí i pé àwọn méjèèjì ò jókòó dojú kọ ara wọn ní ráúǹdì kan náà. Tó bá di pé wọ́n pàdé lóòótọ́, torí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ wọ́n, ẹnì kẹta ni kẹ́ ẹ pè. Kó sì jẹ́ pé orúkọ ẹnì kẹta yẹn náà ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀.

Akọ̀wé_Èsì:
Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń gbé orúkọ ráúǹdì sí. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn.